Fóònù Wo Ni Kí N Rà? Ìbéèrè Táwọn Ará Ilẹ̀ Òkun Ń Bi Mí Lemọ́lemọ́

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni ìbéèrè yìí máa ń pọ̀ jù nílẹ̀ Òkun wa, ní Ìpínlẹ̀ Kogí: nígbà tówó kajú bá wọlé, nígbà táwọn ọmọ bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, àti nígbà táwọn ará Àbújá àti Èkó bá wálé ọdún Kérésì. Mo kó ìdáhùn wọn jọ síbí kí ẹnu mi lè sinmi. N kì í ta fóònù, n kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Kí ni ìyàtọ̀ iPhone sí Android gan-an?

Android kì í ṣe orúkọ fóònù. Ètò tó ń darí fóònù ni. Google ló ni ín, ó sì gba àwọn tó ń ṣe fóònù láyè láti lò ó. Ìdí nìyẹn tí Samsung, Tecno, Infinix, Itel, Redmi àti Oppo fi jẹ́ Android, látorí èyí tí àgbẹ̀ lè fi owó àpò kajú díẹ̀ rà dórí èyí tí owó rẹ̀ ju ti ọ̀kadà lọ. Ní ti iPhone, Apple nìkan ló ń ṣe é, Apple náà ló sì ń ṣe iOS, ètò tó ń darí rẹ̀. Kò sí iPhone tuntun tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú.

Android máa ń jẹ́ kí ẹ yàn: síìmù méjì, mẹ́mórì káàdì, rédíò, bátìrì ńlá, iye owó tó bá wù yín. iPhone kì í fún èèyàn ní yíyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá gbé lé yín lọ́wọ́ máa ń pẹ́ kó tó di ẹrù. Gbogbo ìyókù tí wọ́n ń jà lé lórí nínú ọkọ̀ kò jù báyìí lọ.

Tecno, Infinix àti Itel, èwo ló dára jù?

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Transsion, ilé iṣẹ́ kan ní Shenzhen lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Itel ni tiẹ̀ sábà máa ń rọjú jù, Infinix ń fa ojú àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ṣeré géèmù, Tecno sì ń fi kámẹ́rà tó mọ àwọ̀ dúdú yà ṣe ìpolówó. Carlcare ló ń tún gbogbo wọn ṣe. Bí ẹ bá rí méjì tí owó wọn dọ́gba, ẹ gbàgbé orúkọ, ẹ wo bátìrì, mẹ́mórì àti ọdún tó jáde.

Fóònù tọ́ọ̀ṣì mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé dandan ni kí n ra ńlá?

Kì í ṣe dandan. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ra ńlá, ẹ má ta kékeré náà. Ọjọ́ tí ńlá bá kú sí yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà oko, kékeré yẹn ni ẹ máa fi pe ilé.

Iná wa ò ṣeé gbára lé. Fóònù wo ni bátìrì rẹ̀ ń pẹ́?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú kámẹ́rà, kó ṣáájú orúkọ, kó ṣáájú àwọ̀. mAh ni wọ́n fi ń wọn bátìrì, bí ìgbà téèyàn ń wo bí kẹ́ẹ̀gì ṣe tóbi tó. Ọ̀pọ̀ Android olówó kékeré ayé ìsinsìnyí ló ní 5000 mAh. iPhone 11 ní 3110. iPhone SE ọdún 2020 ní 1821 péré. Apple mọ bátìrì ná o, kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ kì í jò, ṣùgbọ́n ìṣọ́ná kò lè sọ kẹ́ẹ̀gì kékeré di àgbá. Ẹni tó bá jáde nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí kò ní rí iná títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó má ra iPhone SE.

Ohun kan wà táwọn tó ń tà kì í sọ. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti fẹ́lẹ́, ńṣe ni fóònù máa ń pariwo kí òpó tó jìnnà lè gbọ́ ọ, ariwo yẹn ló sì ń jẹ bátìrì. Fóònù tó ń lo ọjọ́ kan ààbọ̀ ní àárín Kàbbà lè kú lọ́sàn-án bí ẹ bá gbé e lọ sí oko lẹ́yìn òkè. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tí ẹ ń lọ, ẹ tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú, ẹ máa fi fóònù wo aago tàbí gbọ́ orin tó wà lórí rẹ̀. Ẹ máa gbé bátìrì padà wálé.

Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré lẹ fi ń ṣájì, ẹ wo iye wọ́ọ̀tì tí fóònù lè gbà, ìyẹn bí iná ṣe ń yára wọ inú rẹ̀ tó, kì í ṣe mAh nìkan. Ṣájà wọ́ọ̀tì 10 kò ní lè gbé bátìrì 5000 dé ìdajì ní wákàtí kan. Wọ́ọ̀tì 33 máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Fóònù àti ṣájà méjèèjì ló gbọ́dọ̀ lè ṣe é o. Ṣájà ẹgbẹ̀rún kan náírà tí wọ́n kọ 33W sí lára kò lè ṣe é. Láti orí iPhone 12 ní 2020 sì ni Apple kò ti fi orí ṣájà sínú páálí mọ́, ẹ ṣírò tìyẹn mọ́ owó yín.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú wa ń ṣe ségesège. Ṣé fóònù tó dára lè tún un ṣe?

Díẹ̀ ni fóònù lè ṣe. Ilẹ̀ tí ẹ ń gbé ló ní ọ̀rọ̀ sọ jù. Láti Ìjùmú dé Yàgbà, òkè àti àpáta ló yí púpọ̀ nínú ìlú wa ká, òkúta kì í sì í jẹ́ kí ìgbì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá. Ẹ lè rí i pé MTN ló ń wọlé dáadáa nínú yàrá yín, tó sì jẹ́ pé Airtel tàbí Glo ni wọ́n ń gbọ́ lóko. Nítorí náà, àyè síìmù méjì kì í ṣe fàájì fún wa.

Android tó pọ̀ jù ló ní àyè síìmù méjì, ṣùgbọ́n ẹ fa pẹpẹ síìmù náà jáde wò. Àwọn kan ní àyè mẹ́ta: síìmù méjì àti mẹ́mórì káàdì. Àwọn kan ní méjì péré, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi mẹ́mórì káàdì sí i, síìmù kejì ti di ẹni ìta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í mọ̀ títí wọ́n fi délé.

Ọ̀pọ̀ iPhone láti XS àti XR ọdún 2018 ń gba síìmù kan tó ṣeé fọwọ́ mú, pẹ̀lú eSIM, ìyẹn síìmù tó wà nínú ẹ̀rọ gan-an. MTN àti Airtel ń ṣe eSIM ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: eSIM kò ṣeé yọ. Fóònù mi já bọ́ sódò lọ́dún kan nígbà tí mo lọ ìsìnkú ní abúlé, eSIM sì ni nọ́ńbà tí gbogbo báńkì mi so mọ́. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ìyá mi wà níbẹ̀, ó ń wò mí, kò sí ohun tí mo lè yọ sínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò kí n tó dé ìlú tí wọ́n ti lè bá mi gbé e sórí òmíràn. Nọ́ńbà tó bá ṣe pàtàkì jù, ẹ jẹ́ kó wà lórí síìmù tó ṣeé fọwọ́ mú.

Ṣé kí n dúró de owó tí máa fi ra oní-5G?

Rárá. MTN bẹ̀rẹ̀ 5G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yára ju 4G lọ, ní Nàìjíríà ní 2022, Airtel tẹ̀ lé e ní 2023, àwọn ìlú ńlá ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbájú mọ́. Fún ẹni tó ń gbé abúlé, 4G tó dúró dáadáa ló yẹ kó wá. Bó bá jẹ́ pé oní-5G lẹ rí ní iye owó kan náà, ẹ mú un, kò ní pa yín lára.

GB mélòó ló tó mi?

Oríṣi GB méjì ni wọ́n ń kọ sára páálí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ. Ọ̀kan ni RAM, tó dà bí tábìlì tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Bí tábìlì bá kéré, ẹ gbọ́dọ̀ kó èyí kúrò kí ẹ tó gbé ìyẹn sí i. Èkejì ni ibi ìpamọ́, bí àká. Fún WhatsApp, Facebook, áàpù báńkì àti fọ́tò ilé, RAM 4GB àti àká 128GB ni mo máa ń sọ. Àká 64GB ṣeé lò, àmọ́ ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé, ti ìjọ, ti ọmọ ilé ìwé ìgbà kan àti ti ìdàgbàsókè ìlú á ti kún un kí ọdún tó yí po.

Bí ẹ bá rí “8GB” lára páálí, tí wọ́n kọ “4+4” ní kékeré sábẹ́ rẹ̀, 4GB ni RAM tí ẹ rà. Mẹ́rin kejì, inú àká ni wọ́n ti yá a, kò sì yá bíi ti gidi. iPhone kì í gba mẹ́mórì káàdì rárá. Èyí tí ẹ bá rà náà ni ẹ máa bá dọ́jọ́ ikẹyìn.

Megapixel tó pọ̀ jù ni kámẹ́rà tó dára jù, àbí?

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Megapixel ni iye ẹyọ kéékèèké, ní mílíọ̀nù, tí kámẹ́rà fi ń kó àwòrán jọ. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà 50 megapixel máa ń pa mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan, kí àwòrán tó jáde wá ní nǹkan bí 12. iPhone sì lo 12 fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó ní kò mọ fọ́tò yà. Bí ojú kámẹ́rà ṣe tóbi sí ìmọ́lẹ̀ àti bí ètò inú fóònù ṣe ń tún àwòrán ṣe ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ihò mẹ́rin tó wà lẹ́yìn àwọn fóònù olówó kékeré, méjì nínú wọn sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ara.

Ẹ dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù báyìí: ẹ ní kí ẹnì kan tó dúdú dúró ní ìdí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yà á. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú mọ́ ògiri, tàbí tí fóònù bá bó o di aláwọ̀ pupa tí ìyá rẹ̀ kò ní dá mọ̀, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà ẹ ya fídíò ẹni tó ń rìn. Lórí fídíò ni iPhone ti ń ṣáájú Android olówó kékeré dáadáa. Ẹni tó bá ń ya ọdún iṣu Ògìdì tàbí ìgbéyàwó fún owó, tó ń ronú iPhone, kò ṣìnà.

Mo fẹ́ ra fóònù fún ìyá mi nílé. Kí ni kí n mú?

Ẹ mú irú èyí tí ọmọ tó ń bá wọn gbé ń lò. Ẹni tó máa kọ́ wọn, tó máa bá wọn pa áàpù tó ń yọjú, ló ṣe pàtàkì ju fóònù lọ. Bí ẹ bá fún wọn ní iPhone nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti ń lo Tecno, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí wọ́n tẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn: kí ó pariwo dáadáa, kí lẹ́tà rẹ̀ ṣeé sọ di ńlá, kí ó ní rédíò. iPhone kì í ní rédíò FM. Ọ̀pọ̀ Android olówó kékeré ní in, bí ẹ bá ti ki okùn etí bọ̀ ọ́, kò sì ń jẹ dátà. Bàbá tó fẹ́ gbọ́ ìròyìn láàárọ̀ á gbàdúrà fún yín.

Ọmọ mi fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó ní àfi iPhone. Ṣé òótọ́ ni?

Kò sí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí Android 128GB kò lè ṣe, ì bá jẹ́ ní Kàbbà tàbí ní Lọ́kọ́ja. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wò. Bí owó bá wà, tó jẹ́ pé wíwù ló wù ú, ẹ rà á pẹ̀lú ọkàn kan, ẹ má pè é ní ìwé kíkà. Bí owó kò bá pọ̀, Android àti kọ̀ǹpútà alágbèéká tó jẹ́ àlòkù máa wúlò fún un ju iPhone kan ṣoṣo lọ.

Ṣé mo lè fi fóònù kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì orí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lórí Android, Gboard ti Google ní Yorùbá. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ fi èdè Yorùbá kún un, ẹ ó sì rí ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì. Fóònù yòówù kẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ kọ orúkọ yín pẹ̀lú àmì nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tuntun olówó kékeré tàbí tòkunbọ̀ olórúkọ ńlá?

Níbi tí ojú mi dé, bí ẹni tó mọ fóònù kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ra tuntun. Bó bá wà, tòkunbọ̀ tó mọ́ lè ṣe yín lóore ju tuntun lọ, pàápàá iPhone tàbí Samsung tó jẹ́ ti olówó nígbà tó jáde. Ẹ má ra lálẹ́, ẹ má ra nínú ọkọ̀, ẹ má ra lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ń kánjú lọ sí Okene.

Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù tó ní dígíìtì 15, á jáde. Kó bá ti ara páálí àti ti rìsíìtì mu. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, General, About. Kí wọ́n kọ “No SIM restrictions” síwájú Carrier Lock. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, síìmù wa kò ní ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Níbẹ̀ náà, láti iOS 15.2, ẹ ó rí i bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì tàbí ojú rẹ̀ lórí àwọn fóònù tuntun díẹ̀. Ẹ tún wo Battery Health. Bó bá ti wọ abẹ́ ìdá 80 nínú 100, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Èyí tó burú jù ni lọ́ọ̀kì. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú yín, kí ẹ bá a tan án látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá béèrè iCloud, ìyẹn àkáǹtì Apple, ti ẹlòmíì, tàbí tí Android béèrè àkáǹtì Google tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé iṣẹ́ kan ló ń darí fóònù náà, ẹ dìde. “Mo máa bá yín ṣí i lọ́la” kò sí nínú ọjà.

Wọ́n ní iPhone tí ẹ̀gbọ́n mi rà bọ̀ láti Amẹ́ríkà kò ní ojú síìmù. Ṣé ó bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Láti iPhone 14 ní 2022 ni èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ti ní ojú síìmù mọ́, eSIM nìkan ló ń lò. Ó máa ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà bí kò bá ní lọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ẹ rántí ìtàn mi ti òkè yẹn. Bó bá jẹ́ pé síìmù méjì tó ṣeé fọwọ́ mú lẹ fẹ́ nínú iPhone, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún Ṣáínà àti Hong Kong ní in.

Ọdún mélòó ni fóònù máa lò kó tó “gbó”?

Ara lè le, kí inú ti gbó. Nígbà tí ẹni tó ṣe é bá dáwọ́ àtúnṣe ètò dúró, áàpù báńkì àti WhatsApp á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. WhatsApp fi Android tó bá kéré sí 5.0 sílẹ̀ ní January 2025. Ní May ọdún kan náà ó fi iPhone 5s, 6 àti 6 Plus sílẹ̀.

iPhone 11 jáde ní 2019, ó sì tún gba iOS 26 ní 2025. Samsung ṣèlérí ọdún méje fún Galaxy S24, ọdún mẹ́fà fún Galaxy A16 tí owó rẹ̀ kò ga. Ọ̀pọ̀ Android olówó kékeré mìíràn kì í gbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pín owó fóònù sí iye ọdún tí ẹ máa lò ó, ẹ ó rí i pé ọ̀wọ́n kan lè rọjú ju pọ́ọ́kú lọ. Ìyẹn ni bí kò bá já bọ́ lọ́wọ́ yín o.

Mo fẹ́ kúrò lórí Android bọ́ sí iPhone. Ṣé WhatsApp mi máa sọnù?

Kò ní sọnù, bí ẹ kò bá kánjú. Áàpù Move to iOS lè gbé ọ̀rọ̀ àti fọ́tò WhatsApp láti Android sórí iPhone láti 2022, ṣùgbọ́n iPhone náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun tàbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, nọ́ńbà kan náà lẹ sì gbọ́dọ̀ lò. Ẹ ṣájì méjèèjì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo iPhone fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó rántí ló máa ń sunkún.

Wọ́n ń ta fóònù fún wa ní díẹ̀díẹ̀, a ó máa san án lóṣooṣù. Ṣé ó dára?

Ẹ ṣírò gbogbo owó tí ẹ máa san pátá, ẹ fi wé iye tí wọ́n ń tà á lójú ẹsẹ̀. Àlàfo yẹn ni èlé, ó sì lè tó owó fóònù kékeré kan. Ohun kejì ni pé irú fóònù bẹ́ẹ̀ ní lọ́ọ̀kì nínú: bí ẹ bá pẹ́ san, wọ́n lè tì í láti ọ̀nà jíjìn. Àgbẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbà kajú lowó rẹ̀ ń wọlé, tí wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù August, mo bẹ̀rù fún un.

Ìdí kan náà ló fi yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún “àlòkù oṣù méjì” tó rọjú jù. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń tà á kò tíì san án tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Àbújá fẹ́ fi iPhone rẹ̀ àtijọ́ ta mí lọ́rẹ, Android ló sì wù mí. Ṣé kí n kọ̀ ọ́?

Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Kí ẹ̀gbọ́n yín tó gbé e fún awakọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáde kúrò nínú iCloud wọn, kí wọ́n sì nù ún. Bí wọ́n bá gbàgbé, òkúta lawakọ̀ gbé wá. Ẹ fi síìmù kan sí i, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì nílé àti lóko, kí Android yín ṣì wà lápò. Bó bá ń kú lọ́sàn-án, tí síìmù kejì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi í sílé fún fọ́tò àti fídíò.

Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á kí ẹ fi owó rẹ̀ ra èyí tó wù yín, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín kọ́kọ́ sọ fún wọn. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé lọ́wọ́ ẹlòmíì ni wọ́n ti máa rí i nígbà tí wọ́n bá wálé ọdún.